Páànù Àlòkù, Ilẹ̀ Àjogúnbá

Kò sí ìdílé kan tí ó ti pẹ́ ní Pobẹ̀ tí kò ní ahéré, tàbí tí kò lè tọ́ka sí ibi tí ahéré rẹ̀ wà rí. Ilé ìlú ni a ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni a ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a fi ń ṣe gbogbo ayẹyẹ wọ̀nyí, oko ni ó ti ń wá. Ahéré ni àgbẹ̀ ń sá òjò sí. Inú rẹ̀ ni a ń kó àgbàdo gbígbẹ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń se ẹyìn kí a tó gún un fún epo, iwájú rẹ̀ sì ni àwọn tí a jọ pààlà oko ti ń jókòó sọ̀rọ̀ nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí lè pè é ní àgọ́ lásán. Ẹni tí ó bá ti sùn níbẹ̀ nígbà ọ̀yẹ́, tí iná ń jó lẹ́nu ọ̀nà, mọ̀ pé ilé ni.

Ahéré bàbá wa wà ní ìhà Issaba, láàárín ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ tí ó yí i ká kì í ṣe èyí tí ẹyẹ gbìn. Irúgbìn wọn wá láti ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí ó ti wà ní Pobẹ̀ láti 1922, ibi tí a ti ń ṣe àṣàyàn irú ọ̀pẹ tí ẹran ẹyìn rẹ̀ nípọn, tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n ní ìlà gbọọrọ, ó sì kọ́ ahéré sí àárín wọn kí ó lè máa rí gbogbo ìlà náà láti ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí bàbá wa papò dà, ọdún mẹ́rin kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sùn níbẹ̀. Ikán jẹ òpó, òrùlé dojú dé ilẹ̀, òjò sì wó ògiri ìhà ìlà-oòrùn. Àwa ọmọ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, méjì ń ṣòwò ní Kútọnu, ọ̀kan ń ránṣọ ní Sakẹ́tẹ́, àbíkẹ́yìn wa sì ń gun zémidjan ní Pobẹ̀. Gbogbo wa ni a máa ń sọ pé oko bàbá wa wà níbẹ̀. Inú wa wà lóko, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa kò sí níbẹ̀.

Nígbà náà ni alágbàtà ilẹ̀ kan dé. Ẹni tí ó rán an ń gbé ní ìlú ńlá, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Àwọn àgbà ẹbí pè wá sí ìpàdé. Àbúrò bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, kò bá wa jà, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ tí èéfín kì í rú lórí rẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí pé ó ní ẹni tí ó ni ín?" Apá kan ilẹ̀ náà, èyí tí ó jẹ́ ìpín ọmọ bàbá mìíràn, ti lọ ní ọdún tí ó ṣáájú. Òpó sìmẹ́ǹtì ti dúró lójú ààlà rẹ̀.

Ìbéèrè Bàbá Àgbà kì í ṣe òwe lásán. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, èyí tí a ń pè ní Code foncier et domanial, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ nípa àṣà láti gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ attestation de détention coutumière. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. A ní láti fi ààlà hàn, kí àwọn tí a jọ pààlà sì jẹ́rìí sí i. Báwo ni aládùúgbò yóò ṣe jẹ́rìí ẹni tí kò rí láti ọdún mẹ́rin? Baálé ilé kú, ilé dahoro: àwa gan-an ni a wà nínú òwe yìí.

A bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fún wa ní àkókò. Oṣù kejìlá ni, ọ̀yẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Wọ́n ní kí á kọ́ ahéré náà padà kí òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta tó fìdí múlẹ̀, kí ẹnìkan nínú wa sì máa sùn níbẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe é, kí á má ṣe dí alágbàtà lọ́wọ́ mọ́.

Owó tí àwa márààrún dá jọ kò lè ra ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé kì í ṣe sìmẹ́ǹtì nìkan. Ilé iṣẹ́ Onígbólò, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ láti sọ òkúta ẹfun agbègbè wa di sìmẹ́ǹtì, kò jìnnà sí oko wa. Ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrù rẹ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n sísún mọ́ ibi tí a ti ń ṣe nǹkan kọ́ ni agbára láti rà á. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ní ìhà tiwa náà ti gun òkè. Nítorí náà a pinnu pé ohun tí a bá lè rí nínú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti lò tán ni a ó fi kọ́ ilé, àti pé ohun tí kẹ̀kẹ́ àbúrò wa bá lè gbé ni a ó kó.

Ẹni tí ó bá ń wá àlòkù gbọ́dọ̀ mọ ilé tí wọ́n ń wó àti ilé tí wọ́n ń tún ṣe. Ní Sakẹ́tẹ́, oníbàárà kan tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń ránṣọ fún ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Ó fún wa ní páànù 22 ní owó tí kò tó ti páànù tuntun márùn-ún. Ní Pobẹ̀, àwọn ará ilé kan ń wó ilé amọ̀ àgbà wọn láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. A lọ kí olórí ilé náà, a sì sọ ohun tí a fẹ́. Ó fún wa ní ilẹ̀kùn ìrókò kan àti fèrèsé méjì, ó kọ̀ kò gba owó, ó ní kí á máa rántí láti fi epo pa á. Láti Kútọnu ni a ti kó pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté, èyí tí a ń pè ní palette. Àwọn tí ń lẹ táyà fún wa ní rọ́bà inú táyà tí ó ti ya. Ilé ọtí kan fún wa ní ìdérí ìgò bíà, ó kún àpò kan. Àwọn ọmọ ilé jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń na ìṣó wíwọ́ lórí òkúta títí ó fi tọ́.

Ohun kan wà tí a kò gbà. Ẹnìkan gbé irin ojú ọ̀nà reluwé wá, ó ní yóò ṣe òpó tí ikán kò lè jẹ. Òótọ́ ni. Ojú irin tí ó ti Àjàṣẹ́ gba Sakẹ́tẹ́ wá sí Pobẹ̀ ni a là ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú ogun 1914, láti máa kó epo àti ekùrọ́ ilẹ̀ wa lọ sí etí òkun. Ọkọ̀ kò rìn lórí rẹ̀ mọ́, koóko ti bò ó ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun ìjọba ni, ohun gbogbo wa sì ni. Àlòkù yàtọ̀ sí ohun jíjí. A dá a padà fún ẹni tí ó gbé e wá, a sì lọ wá igi.

Nígbà tí a dé orí iṣẹ́, bíríkìlà àgbà kan tí ó ti bá bàbá wa ṣiṣẹ́ rí wá wo àwókù náà. Ó fi ẹsẹ̀ ta òkìtì amọ̀ tí ó ti ògiri wó lulẹ̀, ó ní: "Kí ni ẹ tún ń wá kiri? Ògiri yín rèé." Ọ̀rọ̀ yìí yà wá lẹ́nu. A ti rìn dé Kútọnu wá àlòkù, àlòkù tí ó dára jù lọ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Amọ̀ kì í darúgbó. Bí ògiri bá wó, a ó fọ́ ọ, a ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ pò ó, yóò sì tún di ògiri.

Ilẹ̀ pupa ni tiwa, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní terre de barre, orúkọ tí ó ti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Pọtogí fún amọ̀ wá. Ó dára fún ògiri. Bí a bá lọ díẹ̀ sí ìhà àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ dúdú ni a ó bá níbẹ̀: nígbà òjò, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lanu débi pé ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan mọ ògiri yóò rí àlàfo kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ní ti ìpìlẹ̀, a kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta sínú yàrà, a sì fi àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin péré dì wọ́n pọ̀, kí ìsàlẹ̀ ògiri lè ga kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Òjò tí ó bá ta láti ilẹ̀ ni ó ń pa ògiri amọ̀ ju èyí tí ó ti òkè wá lọ. Lẹ́yìn náà ni a mọ ògiri ní ìpele ìpele, a sì jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Iṣẹ́ yìí kò gba ìkánjú.

Ìyá wa, tí kò tíì tẹ ilẹ̀ oko náà láti ọjọ́ ìsìnkú, wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. A rò pé ó wá wò wá ni. Ó ká aṣọ sókè, ó ní kí a kó èèpo ekùrọ́ wá. Òun àti àwọn ìyàwó ilé da èèpo náà sí ilẹ̀ yàrá, wọ́n bu amọ̀ tútù lé e, wọ́n sì fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí ó fi le bí òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ahéré ti àkọ́kọ́ ṣe rí, òun ni ó sì lù ú pẹ̀lú bàbá wa. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ náà. Ó kàn ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé: "Ẹ lù ú dé igun. Igun ni omi ń bá wọlé."

Òrùlé ni ó gba ọgbọ́n jù. A gbé páànù kọ̀ọ̀kan sókè kọjú sí oòrùn. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé, a fi ẹfun sàmì sí i. Èyí tí kò ní ihò púpọ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún òkè ibùsùn àti òkè àká àgbàdo. Èyí tí ó burú jù di ògiri ilé ìdáná. A di ihò kéékèèké pẹ̀lú ọ̀dà àti ègé aṣọ. Ibi tí páànù yọ sókè ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe ibi tí ó wọnú tí omi ń gbà kọjá. Lábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, a fi ìdérí ìgò tí a tẹ́ pẹrẹsẹ àti ègé rọ́bà sí i, kí omi má ṣe rí ọ̀nà wọlé. Ohun tí wọ́n ń jù síta ní ilé ọtí ni ó ń dáàbò bo orí wa báyìí.

Páànù ní àléébù kan tí gbogbo wa mọ̀: ooru rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ni ó sọ ìtàn Diébédo Francis Kéré fún wa, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, tí ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí abúlé rẹ̀, tí ó sì parí rẹ̀ ní 2001. Bíríkì amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí ni ó lò fún ògiri, ó sì gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, tí ó ga jù lọ fún àwọn ayàwòrán ilé. Òun náà ni ó ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti ilẹ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Àwa kò ní irin tí òun lò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò béèrè owó. A fi ọ̀pá ògùrọ̀ tẹ́ àjà, a tẹ́ ẹní sí i, a fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a sì gbé páànù ga sí i ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ tí a jọ pààlà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sùn lórí ẹní wa. Láti ọjọ́ náà ni a ti tún ní ẹlẹ́rìí.

Ikán ni ọ̀tá tí kì í sinmi. A dáná sun ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí a tó rì í, a sì fi ọ́ìlì àlòkù láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún alùpùpù ṣe kùn ún. A ṣọ́ra kí ọ́ìlì náà má ṣe dà sílẹ̀ nítòsí ibi tí a ń gbin ẹ̀fọ́. Pákó èbúté, tí kò lágbára tó igi wa, kò kan ilẹ̀ rárá: ibùsùn, pẹpẹ àti àpótí ìjókòó ni a fi í ṣe. Ìrókò ẹnu ọ̀nà kò fẹ́ ohun kan ju epo tí olórí ilé náà sọ.

Ní ti omi, a ká páànù kan ní gígùn, a fi gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ sínú àgbá méjì. Àgbá tí ó gbé epo pupa rí ni a wá. A kò lo èyí tí ó gbé oògùn kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni a kò lo bídọ̀n tí ó gbé bẹntiróòlù, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Omi àkọ́kọ́ tí ó bá fọ òrùlé, ìta ni a ń dà á sí. A fi àwọ̀n bo ẹnu àgbá nítorí ẹ̀fọn. Fífọ nǹkan àti ẹ̀fọ́ ni omi yìí wà fún. Ti mímu, ẹ̀rọ omi abúlé ni a ti ń pọn ọ́n.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Ní ọjọ́ kẹrin rẹ̀, àwọn àgbà ẹbí wá ṣe ìpàdé, wọ́n sì ní inú ahéré náà ni àwọn yóò ti ṣe é. Òjò dé bá wa níbẹ̀. Omi kán ní ibì kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá Àgbà wo òrùlé títí, ó wo ilẹ̀ tí ìyá wa lù, ó sì béèrè ẹni tí yóò máa sùn níbẹ̀. Àbúrò wa dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀: ohun tí ó ń rí lórí zémidjan lójúmọ́, lẹ́yìn tí ó bá ra epo tán, kò ju ohun tí ọ̀pẹ bàbá wa lè mú wọlé bí ẹnìkan bá ń tọ́jú wọn. Nígbà náà ni Bàbá Àgbà sọ pé kí a dá alágbàtà lóhùn pé ilẹ̀ náà kò sí lórí ọjà. Wọ́n tún pinnu pé orúkọ ẹbí lápapọ̀ ni a ó fi béèrè ìwé ẹ̀rí, kí ọmọ kan má ṣe lè dá a tà.

Ìpín tí ó ti lọ kò padà. Bí a bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ahéré, a ń rí òpó sìmẹ́ǹtì rẹ̀ láàárín ọ̀pẹ, àti ìlà tí bàbá wa gbìn tí ó dúró lójijì níbẹ̀. A kì í bo ojú àwọn ọmọ wa kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, a ń sọ fún wọn.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni a ń fi ohun kan kún un: ọdún kan, àká àgbàdo, ọdún kejì, ilé ìdáná, ọdún kẹta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé ní ọlidé. Lẹ́yìn òjò ńlá, gbogbo wa ń padà lọ fi amọ̀ rẹ́ ògiri. Àwọn kan ń rí èyí bí ìyà. Ní Koutammakou, ní àríwá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ilé amọ̀ àwọn Batammariba dúró, títí UNESCO fi kọ apá ti Tógò sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2004, tí ó sì fi apá tiwa kún un ní 2023. Ilé tí ó ń béèrè wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń mú wa wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn méjì tí ó wà ní Kútọnu kò pa á jẹ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ahéré yín ti wó, kí owó má sì sí lọ́wọ́ yín. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ ó lè kọ́ ilé aláràbarà sí oko. Ẹ béèrè ibi tí ààlà wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹsẹ̀ ta òkìtì amọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ẹ ká páànù tí ó ṣì dára, ẹ sì dá iná kan síbẹ̀ kí àwọn tí ẹ jọ pààlà lè rí èéfín rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta kò ní pẹ́ dé.